Ìdàrọ́ Abẹ́ Kòkó Ìyá Mi

Èmi gan-an ni mo ń rí ara mi lára, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri. Síbẹ̀ èmi ni mo pa oko ìyá mi run.

Ìsàn-Èkìtì nilé wa. Oko kòkó náà wà lọ́nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀, lórí ilẹ̀ ẹbí bàbá mi tó ti kú. Òun ni ìyá mi ń jẹ, òun ló ń mu. Ọdún Àjíǹde ni mo wálé tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, fi mú mi lọ wo àwọn òkúta dúdú kan tó wúwo lábẹ́ kòkó. Mo yọ òòfà lápò, mo fi kàn án, ó lẹ̀ típẹ́. Orí mi wú.

Nípàdé ẹbí, mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú-ayé. Mo ní kí èèyàn tó dáyé, òkun ló wà níbẹ̀. Pé irin tó yọ́ sínú omi rọra ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn, ìpele lórí ìpele, ooru inú ilẹ̀ sì sè é di òkúta. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúta irin ṣe ń dá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lábẹ́ kòkó ìyá mi.

Ìyá mi ló ń bu omi fún àwọn àgbà. Nílé wa, ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìyá mi wo òkúta náà, wọ́n wò mí, wọ́n gbé jọ́ọ̀gì wọn kúrò.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹbí háyà kátapílà láti wa irin náà, ó ti kòkó ṣubú tèsotèso. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, òkúta tán. Ilẹ̀ pupa ló kù, àti àfọ́kù ọ̀pá amọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin. Ìdàrọ́ ni mo pè ní irin, ìdọ̀tí tí wọ́n yọ́ kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n dà nù! Ihò wínníwínní kún ara rẹ̀ bí inú àkàrà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ̀ pé òkúta irin tòótọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ fọ́ ọ wò. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n tẹ́ríba wo ohun tó wà níwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ jẹun. Ṣíọ̀.

Ìyá mi mú ọ̀kan nílẹ̀. “Ìdàrọ́ ni. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, òun la fi ń ṣeré.”

Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn ò sọ nípàdé.

“Àwọn àgbà ò bi mí. Ìwọ náà ò bi mí. Uṣẹ́ tí o kọ́ ni, mo ní bóyá ó ti di irin níbi tí o ti kàwé.”

Ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi ń gbìn síbẹ̀ báyìí. Kòkó tuntun kì í so kíá, wọ́n sì ti dàgbà kọjá kí wọ́n máa retí rẹ̀. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á máa fi mí han àlejò: “Ọmọ mi nìyí. Òun ló mọ̀ nípa òkúta.” Wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́.