Ìyá Mu-ún-ká-rí, Aṣàyẹ̀wò Tí Kì í Yin Ẹnikẹ́ni

Ohun tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ omi gọ́tà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi ọsàn sínú ike ló pè é wá, kó wò ó bóyá iṣẹ́ wọn ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Máníjà ibẹ̀, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ, mú un dé ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi tí wọ́n ti lò tán ti ń ṣàn jáde. Ó ní, "Mà, omi yìí mọ́ débi pé èèyàn lè mu ún."

Obìnrin náà ṣí báàgì, ó yọ ife kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu omi náà kún un, ó sì nà án sí máníjà. "Mu ún, ká rí i."

Máníjà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Máníjà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán ni. "Kò burú," lobìnrin náà wí, "màá dúró títí òǹgbẹ á fi gbẹ ọ́." Ló bá jókòó sórí àpótí kan, ó yọ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí ìtìjú wá pọ̀ jù, máníjà gbé ife náà súnmọ́ ẹnu, òórùn rẹ̀ gbá a nímú, ló bá gbé e sílẹ̀. "Mà, a máa tún un ṣe." Obìnrin náà gba ife rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù. "O ṣeun. Imú rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Mu-ún-ká-rí. Ẹnu àwọn oníbàárà ni ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà. Nígbà tó bi í léèrè nílé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Orúkọ tó bá ń dẹ́rù ba òpùrọ́, mo gbà á."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń lo iná, omi, igi àti ilẹ̀, bóyá àwọn tí wọn ò tíì bí máa bá nǹkan kan nílẹ̀ tàbí wọn ò ní bá. Bí iṣẹ́ wọn bá dára, á lu òǹtẹ̀ fún wọn. Bí kò bá dára, á lu wọ́n. Ẹnu ló fi ń lù wọ́n o, àmọ́ àwọn tó jẹ níbẹ̀ sọ pé ẹgba sàn jù ú lọ.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ya ewé tútù yọ̀yọ̀ sára páálí ọjà wọn. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn, ní ewé náà túmọ̀ sí pé àwọn fẹ́ràn igi. "Ewé ń bẹ lẹ́nu ewúrẹ́ náà," ni Ìyá Mu-ún-ká-rí wí, "mi ò tíì rí igi tó kà á sí ọ̀rẹ́." Ó ya páálí náà, ó bá ọ̀rá. Ó ya ọ̀rá, ó tún bá ọ̀rá mìíràn. Nígbà tó máa fi kan bisikíìtì, bíńtín báyìí ni, kò ju àtàńpàkò lọ. Ó wò ó títí. "Gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ fún un yìí, ṣé òtútù ń mú un ni?"

Ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, wọ́n ń bẹ àlejò pé kó má ṣe béèrè aṣọ ìnura tuntun lójoojúmọ́, kí ayé má baà bàjẹ́. Ó kà á tán, ó bọ́ síta. Ó bá gbọ̀ngàn kan tí kò sí ẹyọ èèyàn kan nínú rẹ̀, tí iná tàn yòò, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ó ní kí wọ́n pe máníjà wá. "Ẹ ní kí n fi aṣọ ìnura àná gba ayé là," ó sọ fún un, "ẹ̀yin wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí àga."

Àwọn tó ń fi ọgbọ́n dá àrà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ èèpo ọsàn di oúnjẹ adìyẹ. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ó pariwo, ó fa epo jẹnẹrétọ̀ mu tán, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú kan péré ló pọ̀ jáde. Ọkùnrin náà ń dúró de ìyìn. Ìyá Mu-ún-ká-rí ní, "Ẹ̀rọ yìí ń jẹun ju adìyẹ lọ. Ẹ kúkú pa á jẹ, kí adìyẹ sinmi."

Bó bá ń ròyìn àwọn nǹkan wọ̀nyí nídìí oúnjẹ alẹ́, Oníbúrẹ́dì ọkọ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín náà ń bọ̀ wá kan òun.

Ilé ìtajà tó ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn ò ní gba ọjà ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ mọ́. Ọkàn Oníbúrẹ́dì balẹ̀. Ó ní ṣebí ẹ̀gbẹ́ òun lẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ń sùn sí. Àwọn ọ̀gá ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní ìyàwó kò gbọdọ̀ dá yẹ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wò, kó má baà gbè é. Wọ́n fi ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Wọn ò mọ̀ pé ọkọ ló yẹ kí wọ́n wá ẹ̀ṣọ́ fún.

Lọ́jọ́ náà, orí ibùsùn ọkọ rẹ̀ ló ti dìde, búrẹ́dì ọkọ rẹ̀ ló jẹ láàárọ̀. Ó wá wọ ọkọ̀ ọ̀tọ̀, ó kan ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì bí àlejò.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Aṣàyẹ̀wò ni mí."

"Ìyá àwọn ọmọ, wọlé, wá jókòó."

"Àwọn ọmọ wo, sà?"

Ó yí ilé náà ká. Lẹ́yìn ògiri ààrò, ó bá ológbò kan tó na gbogbo ara sílẹ̀, tó ń sùn bí ọba. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, ó yára fà á padà. "Ta ló ni ológbò yìí?"

"Ti àdúgbò ni. Ó fẹ́ràn ibẹ̀."

"Kí ni kò ní fẹ́ràn? Iná igi tẹ́ ẹ ń dá, òun lẹ ń dá a fún." Ó ṣí àgbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bá búrẹ́dì àná tí wọn ò tà tán, tí wọ́n fẹ́ lọ dà nù. Ó dé e padà, ó ní òun ò lè lu òǹtẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, ọkọ yín mà ni." Ó ní, "Ìyẹn di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, Oníbúrẹ́dì kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá jẹun."

"Lọ bi aṣàyẹ̀wò bóyá mo lè jẹ ẹ́."

"Ó ti kúrò níbi iṣẹ́. Ìyàwó yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ pé obìnrin kan fojú yín gbolẹ̀ lónìí. Kí ló tiẹ̀ ní òun rí?"

Inú ń bí ọkùnrin náà, àmọ́ ó sọ ọ́: ti ààrò, ti ológbò, ti búrẹ́dì àná. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyàwó ní, "Obìnrin burúkú ni. Òótọ́ ló sì sọ."

Ilé ìtajà náà dá búrẹ́dì rẹ̀ dúró lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà ló wá ń tà á. Ìyá Mu-ún-ká-rí gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ró aṣọ àtijọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ po amọ̀. Wọ́n mọ ògiri kejì yí ààrò náà ká, wọ́n ki eérú sáàárín, kí ooru má baà ráyè jáde. Ológbò náà wá lọ́jọ́ kejì, ó fi ara kan ògiri, ó bá a ní tútù, ó sì bínú lọ sílé alákàrà àdúgbò.

Ó ku búrẹ́dì àná. Oníbúrẹ́dì gé e, ó fi ooru tó ṣẹ́ kù nínú ààrò yan án lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gé e jẹ, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Bó bá kọ̀ láti di oúnjẹ, ẹ tà á fún bíríkìlà." Ọkùnrin náà tún gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi bọ́tà àti ṣúgà pa á. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè búrẹ́dì àná kí wọ́n tó béèrè tòní.

Nígbà tí aṣàyẹ̀wò padà wá, ó wá àléébù títí, kò rí i. Ó lu òǹtẹ̀ náà gbàù. "Ó ṣeé wò," ó wí, ó sì lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bá Oníbúrẹ́dì lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun tó ń nu ojú. Ó ní ìyẹ̀fun ló kó sóun lójú.

Àìsàn tó pa obìnrin náà kò pẹ́ lára rẹ̀. Lórí ibùsùn ọsibítù, ó ṣì ń ṣáátá ṣíbí tí wọ́n fi ọ̀rá wé bí ẹni di ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ pa iná yẹn. Ilẹ̀ ti mọ́." Ọkọ rẹ̀ dìde lọ pa á. Nígbà tó fi padà dé orí àga, ìyàwó rẹ̀ ti lọ.

Àwọn máníjà wá kí Oníbúrẹ́dì kú ọ̀fọ̀, ilé kún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn du èébú. Ọ̀kan ní, "Ó ní ilé iṣẹ́ mi dà bí ẹni tó bọ́jú tó gbàgbé ìyókù ara." Èkejì ní, "Tìẹ kéré. Ó ní igi tí mo gbìn nítorí fọ́tò ti kú kí fọ́tò tó jáde." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Oníbúrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní ó parọ́ mọ́ òun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aṣàyẹ̀wò tuntun wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń yin gbogbo ohun tó bá rí. "Ó dára púpọ̀, sà. Gbogbo rẹ̀ ló pé." Ó ti gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Ṣé ẹ wo ibi tá a ti ń fọ páànù?" ni Oníbúrẹ́dì bi í.

"Mo wò ó, sà. Ó dára."

"Ẹ jẹ́ ká jọ tún un wò."

Wọ́n débẹ̀. Ẹ̀rọ omi ń jò, tó, tó, tó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀rọ omi yìí ń jò díẹ̀, sà."

"Ẹ sọ ọ́ kó dùn mí."

"Sà?"

"Omi ń ṣòfò, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ bá mi wí."

Ọkùnrin náà wúkọ́, ó wo ilẹ̀. "Sà, omi tí ẹ ń dà nù yìí, ẹnì kan ń ti ọ̀nà jíjìn rù ú bọ̀. Kò... kò dáa tó, sà."

Oníbúrẹ́dì mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó fa àga kan fún àlejò rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná síwájú rẹ̀, ó ní kó jẹun. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ sókè, ó wá sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bá a wí gbẹ̀yìn nínú ilé náà.