Orin Olóǹkà Méje Tí Adépọ̀jù Ṣe

Olùkọ́ ìṣirò ni Adépọ̀jù ní Inísà. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì àtijọ́, òun náà ló sì ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà tí òun àti Felicia, ìyàwó rẹ̀, ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọ lu Felicia. Láràárọ̀ ni Adépọ̀jù ń dì í mú kó lè rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á yá, tòsì á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Àfi bó ṣe rí i lọ́jọ́ kan pé òun ti ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, fún èyí tó yá, ẹẹ́rin títí dé eéje fún èyí tó ń wọ́. Ó gbé gìtá, ó fi òǹkà náà kọrin.

Felicia gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi rè é," ó fi ahọ́n wíwúwo sọ ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tímótì onílù, tó ti mọ́ lára láti máa lu òǹkà mẹ́rin, ò rí i bá lọ. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ti dé, ẹ̀yin ò tíì dé."

Adépọ̀jù gbé orin náà lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ Ayọ̀mídé tó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí Felicia lè máa gbọ́ ọ tí òun bá wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ tán, Ayọ̀mídé ní, "Sà, orin yín ń tiro."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ó yé mi, sà. Màá kàn tún un ṣe díẹ̀."

Adépọ̀jù rò pé ariwo ló fẹ́ yọ kúrò.

Lọ́sẹ̀ kejì, nínú bọ́ọ̀sì Òkukù, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí fóònù awakọ̀. Orin náà ti di olóǹkà mẹ́rin, gbọọrọ bí títì ọ̀dà. Àwọn èrò ń mi èjìká. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó pe Ayọ̀mídé.

"Ẹ má bínú, sà. Wọn ò ní lè jó tàkọ́kọ́ yẹn. Mo ti pa á rẹ́, eléyìí ni mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé o lè dá eléyìí dúró?"

"Ó ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, sà."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì ní kí Adépọ̀jù kọ orin rẹ̀ tó gbòde. Tímótì lu ìlù pẹ̀lú ayọ̀. Ní ẹsẹ kejì, Adépọ̀jù gbìyànjú láti fa orin náà padà sí méje, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ìjọ bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tó yá, ó tẹ̀lé wọn.