Nọ́ńbà Ara Ògiri Bàbá Mi

Orí bàbá mi kì í gba nọ́ńbà. Káfíńtà tó ń ṣe fírémù àwòrán ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ igi bí ìyá ṣe ń mọ orí ọmọ, àmọ́ ọjọ́ ìbí mi gan-an, àfi kó bi màmá mi. Ìdí nìyẹn tó fi fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan gbọọrọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: 1.6180339887. Ó ní bí ìbú fírémù bá jẹ́ ọ̀kan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ iye yìí, tí èèyàn wá gé onígun mẹ́rin dọ́gba kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù á jọ odindi bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá. Ó ní nọ́ńbà náà kò lópin, ògiri ló tán.

Láràárọ̀ ló máa ń kà á sókè kó tó mú ayùn. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ń yún mi, mo pa 18 rẹ́, mo kọ 81. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ọ̀kan póìntì ẹ̀fà, ẹ̀jọ, ọ̀kan…"

Ó kà á tán tìgbéraga-tìgbéraga! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹ̀rín náà kò dọ́sàn-án. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti gé igi gígùn méjèèjì. Ìbú fírémù jẹ́ àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà, gígùn tó yẹ kò pé mọ́kànlélọ́gọ́rin, òun sì ti gé mẹ́rinlélọ́gọ́rin.

"Ta ló ni ín, Bàbá?"

"Ìyá Olùkọ́ ni. Aago méjìlá ni wọ́n ń bọ̀."

Ìyá Olùkọ́ ló kọ́ bàbá mi ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ló sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé àga tó jókòó lé á mọ ìṣirò ṣáájú rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń retí ọjọ́ yìí. Igi náà kò sì ní ìkejì.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo yí nọ́ńbà yẹn padà."

Ó wò mí, ó wo ògiri, ó wo igi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọ̀tá ló rán ẹ sí mi ni?" Ó na téèpù, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Orí yọ ẹ́. Igi tó gùn jù, ayùn á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kúrú, ta la fẹ́ bẹ̀?"

Mo di igi mú, ó gé e. Bó ṣe ń kan ìṣó tó kẹ́yìn ni Ìyá Olùkọ́ wọlé, tàwọn ti páálí onígun mẹ́rin dọ́gba lábíyá. Wọ́n tì í sí ìdí fírémù, wọ́n yí ọrùn wo àyè tó ṣẹ́ kù. Ó jọ odindi.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ̀yin àti àga yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi gun ògiri. Ye! A ti gbàgbé 81 ara ògiri!

"Ẹ̀hẹ́n! Kí lèyí?"

Bàbá mi wolẹ̀ bí ọmọ kíláàsì kejì, kò tú mi fó.

"Èmi ni, mà," ni mo sọ. "Mo fi bàbá mi ṣeré ni."

Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí mi. "Kọ èyí tó tọ́ nígbà ogún."

"Ọgbọ̀n, mà," ni bàbá mi dá sí i. "Orí ẹ̀ le, èmi ló jọ."

Ògiri tán kí ọgbọ̀n tó pé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mo sá sí láàárọ̀ ni mo kọ ìkẹyìn sí.