Òkúta Mọ́kànlélógún Bàbá Dúrósinmí

Títí di òní, bí ẹ bá dé Ìkọ̀yà tí ẹ béèrè Bàbá Philemon Dúrósinmí, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kó tó sọ fún yín pé bàbá ti di olóògbé. Ọ̀rọ̀ akèrègbè orí òpó agogo ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Bàbá kì í mu omi oko nínú ohun mìíràn àfi akèrègbè, kì í sì í gbà kí ẹlòmíì bá òun fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tó fọ̀ ọ́ tán, ó wá ibi tí oòrùn òun atẹ́gùn ti ń pàdé láti sá a, kò rí èyí tó dà bí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Ó kan ìṣó mọ́ òpó agogo, ó fi akèrègbè kọ́ ọ, ó dorí ẹ̀ kodò, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì Dominic fẹ́ lu agogo, ó gbójú sókè, ó figbe ta. Kò sẹ́ni tó wọlé ìsìn mọ́. Wọ́n fi tùràrí yí òpó náà ká, wọ́n kọrin ìṣẹ́gun títí ohùn fi há, wọ́n sì da odindi garawa omi àdúrà lé e lórí. Ìgbà náà ni Bàbá yọ nínú sùtánà funfun.

"Ta ló da omi sí akèrègbè mi? Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń sá a!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ fi àdúrà da omi sí i, ẹ yáa fi àdúrà mú un gbẹ."

Eunice, àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, rò pé òun lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà. Ó ra kúlà aláwọ̀ búlúù kan fún un ní Òkìtìpupa. Bàbá dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, Eunice ṣí kúlà náà, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀.

"Òkúta tí mo fi ń fọ akèrègbè ni," Bàbá ní. "Wọ́n ń gbádùn ibẹ̀ gan-an."

Mọ́kànlélógún ni òkúta náà. Bàbá á dà wọ́n sínú akèrègbè pẹ̀lú yanrìn àti omi gbígbóná, á mì ín títí á fi làágùn, á dà wọ́n jáde, á sì kà wọ́n. Ó ní òkúta tó bá kù sínú, ọ̀fun èèyàn ló ń wá.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Susan, àbúrò Eunice, ló kà á tó jẹ́ ogún. Bọ́ọ̀sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ṣì í kà ni," Eunice ní.

"Ùwọ Eunice, ọ̀kan wà nínú ẹ̀."

Ó mì ín, kò dún. Gbogbo ilé kà á, awakọ̀ pàápàá sọ̀ kalẹ̀ wá kà á. Wọ́n ti ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì kí bàbá ìyàwó tó wọlé, pẹ̀lú akèrègbè lábíyá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Eunice fi bínú. Bàbá ò jiyàn, ṣùgbọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé, bó bá ti ka ogún tán, á ní, "Ọ̀kan wà nínú ẹ̀."

Ohun tó sọ fún Eunice lórí àìsàn kò ju ẹyọ kan lọ: "Má jẹ́ kí akèrègbè mi bu o."

Ó sì bu. Omi oko tí Bàbá pọn kẹ́yìn wà nínú rẹ̀, Eunice ò lè dà á nù. Ó gbé e kọ́ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìrántí ọdún kan ku ọ̀sẹ̀ kan, Susan ránṣẹ́ pé omi akèrègbè Bàbá lòun máa mu lọ́jọ́ náà. Eunice ṣí i, òórùn lé e sẹ́yìn. Ojú tì í, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tó yá, ó gbé omi kaná. Ó bu yanrìn, ó kó ogún òkúta inú kúlà, ó mì ín bí Bàbá ti máa ń mì ín. Omi àkọ́kọ́ dúdú, èkejì pọ́n. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ tí nǹkan já bọ́ nínú rẹ̀. Ó dà wọ́n jáde, ó kà wọ́n. Ó tún kà wọ́n. Omi tó pẹ́ nínú rẹ̀ ti rẹ ìhà inú akèrègbè, ó ti tú òkúta tó há sọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ó pe Susan lórí fóònù. "Susan, Bàbá ò ṣì í kà o! Ọ̀kan wà nínú ẹ̀!"

Susan rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Àwọn méjèèjì di fóònù mú, wọ́n ń gbọ́ ẹkún ara wọn.

Eunice gbé akèrègbè lọ bá Wòlíì Dominic, ó fẹ́ tọrọ àyè láti sá a, kó má bàa di ọ̀rọ̀ tùràrí.

"Ẹ gbé e kọ́," Wòlíì ní. "Ìṣó tí Bàbá kàn síbẹ̀, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìrántí, Susan mu, Eunice mu, Wòlíì náà mu. Omi náà tutù, kò sì rùn rárá. Kí wọ́n tó sùn, Eunice ṣí kúlà, ó ka òkúta Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé.