Àgùntàn Tí Birita Mọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Sólvá, aládùúgbò mi, ti ń bá àwọn ìyá tọ́jú ọmọ ní abúlé wa ní erékùṣù Faroe. Bí wọ́n bá ti lọ síbi tí wọ́n ti ń gé ẹja, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ń wà. Kò kàwé púpọ̀, bíi tèmi náà ni, ṣùgbọ́n kì í fipá yí ọmọ lójú. Ohun tí ọmọ bá ti ń wò ló máa ń dárúkọ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, Birita, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé oṣù mẹ́rìndínlógún, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Marin ìyá rẹ̀ kò lè jẹun mọ́. Ó ní etí ọmọ òun ti di. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí erékùṣù wa bá wá sílé Sólvá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá gbọ́ràn, wọn yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn lókè òkun.

Èmi náà wà níbẹ̀, irú ẹ̀ kì í kọjá mi. Nọ́ọ̀sì to àwòrán sílẹ̀: ẹṣin, bọ́ọ̀lù, àgùntàn funfun nínú koríko.

"Birita, àgùntàn dà?"

Ọmọ kẹ̀yìn sí àwòrán, ó nàka sí fèrèsé.

"Kò gbọ́." Nọ́ọ̀sì mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Marin bú sẹ́kún.

"Ẹ fi bírò yẹn sílẹ̀ ná, nọ́ọ̀sì!" Sólvá ti gbé ọmọ. "Kí lẹ rí lójú fèrèsé yẹn?"

"Ahéré kan ni."

"Ẹ wọ bàtà yín, ká lọ."

Ahéré tí à ń kọ́ ẹran àgùntàn sí ni, kí afẹ́fẹ́ òkun lè mú un gbẹ. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bomú.

"Ẹran yìí ti bàjẹ́!"

"Ẹnu yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Birita, àgùntàn dà?"

Ọmọ nàka sí itan tó rọ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín. Sólvá yí i kiri lẹ́ẹ̀mẹta, ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta, itan yẹn náà ni.

"Àràárọ̀ la jọ ń wá wò ó. Bí àgùntàn alààyè bá ń kọjá, ọmọ yìí á ti sùn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé rẹ̀."

Orí mi wú. Eyín mẹ́rin péré ló wà lẹ́nu ọmọ yìí. Inú ilé ló ti gbọ́ orúkọ, ọkàn rẹ̀ sì kọjá ògiri lọ bá ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ta ló kọ́ ọ?

Nọ́ọ̀sì fagi lé ohun tó kọ. "Ìyá Birita, ọmọ yín ń gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Marin nu ojú. "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Títí kan ìjà èmi àti bàbá ẹ̀?"

"Pátápátá," ni Sólvá wí. "Ẹ dẹ́kun ìjà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wa."