Oògùn Orúnkún Nínú Àwẹ̀

Nígbà tí a wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ kan ni ẹ̀kọ kan. Ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá lápò lè jẹun yó, kó tún ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálejò. Ní Mowe níbí lónìí, ọgọ́rùn-ún náírà kò ra ẹ̀kọ tí yóò yó ọmọdé. Oògùn ara ríro ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù: páálí rẹ̀ kan wọ́n ju gbogbo owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ. Síbẹ̀ mo ń rà á, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, nítorí orúnkún ọ̀tún mi.

Nígbà tí ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo bá wọn gbà á. N kì í jẹ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ láràárọ̀ ni mo ń fi omi gbé oògùn orúnkún mì. Lójú tèmi, oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Ìyàwó mi bi mí nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ṣàlàyé fún un bí olùkọ́. Kí àwẹ̀ tó parí, inú ń ta mí bí ẹni gbé ata mì, ìgbẹ́ mi sì dúdú bí ọ̀dà. Ìyàwó mi ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan, tó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, ló yẹ̀ mí wò.

"Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ kí ẹ tó lo oògùn yìí?"

"Àwẹ̀ ni mò ń gbà, ọmọ mi."

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi wo òkè àjà.

Dókítà ní oògùn náà ti dá egbò sí mi níkùn. Ó fún mi ní èyí tí yóò wò ó, ó sì ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti orúnkún yẹn mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe tìtorí ikùn, Ifo ni mò ń rò. Àwa mẹ́fà la jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, ọ̀kan nínú wa sì ń gbé Ifo. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, kò lè rìn jìnnà mọ́, èmi ni mo máa ń lọ bá a lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́. Ọkọ̀ méjì ni, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ìrìn díẹ̀. Láìsí oògùn, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ débẹ̀. Ní ọjọ́ orí wa, ẹni tó bá fo ọdún kan lè má bá ẹnì kejì mọ́.

Mo pè é lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, irú àwẹ̀ wo nìyẹn? Tiwa, tó o bá gbé oògùn mì lọ́sàn-án, ó ti bà jẹ́ nìyẹn."

"Àlàájì, mi ò pè ọ́ fún wàásù."

"Ó dáa, gbọ́. Máa fi tówẹ̀lì àti omi gbígbóná jó orúnkún náà láàárọ̀. Má jókòó sójú kan. Máa rìn kí oòrùn tó mú. Kó o sì jẹun, arúgbó."

Ìyàwó mi gba ìyókù ṣe. Ẹ̀bà alẹ́ dópin, ata náà dópin. Ó di ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀wà tó rọ̀, ẹ̀fọ́, ẹja tí a kò dín. Díẹ̀díẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kùn bí ọmọ iléèwé. Dókítà ní ká máa bá a lọ, nígbà tí egbò sì san, ó gbà kí n máa mu omi ògì kíkan. Inú mi rọlẹ̀, ara mi fúyẹ́, ẹrù tí orúnkún ń gbé sì dínkù. Ẹnu géètì ni mo kọ́kọ́ ń rìn dé, lẹ́yìn náà mo ń dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì létí òpópónà márosẹ̀. Ìrora kò lọ tán. Ó di ohun tí mo lè bá gbé.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, mo lọ sí Ifo. Àlàájì ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O rù."

"Ìwọ náà ò lẹ́wà."

Ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, a ka àwa mẹ́fà inú yàrá yẹn bí a ti máa ń ṣe. Ẹni tó máa ń hanrun lẹ́bàá ilẹ̀kùn ti lọ. Ẹni tó ń bá wa kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọbìnrin ti lọ, àti ẹni tí kì í wẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà ní Jos, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Àlàájì wà. Èmi náà wà.