Kẹ́ẹ̀gì mi lọ gba físà

Ẹ gbà mí o, wọ́n lé èmi àti kẹ́ẹ̀gì mi ní ẹ́ńbásì láàárọ̀ yìí!

Bí a ṣe ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi ní Ìbà náà ni mo ṣe: mo fi kẹ́ẹ̀gì sórí ìlà, mo lọ ra búrẹ́dì.

Sẹ́kúríìtì gbé e sókè. "Màmá, ṣé kẹ́ẹ̀gì ló fẹ́ gba físà?"

"Ó ń bá mi di àyè mú ni!"

"A ò tò mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi lẹ́tà dá ọjọ́ fún ló ń wọlé."

Mo délé, omi ti wá, ó ti lọ.

Aládùúgbò mi ní, "A ò rí kẹ́ẹ̀gì yín lórí ìlà, a rò pé ẹ ti rìnrìn àjò ni."

Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n bú u?